Níbo Ni Kí Owó Ìrànwọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Lọ? Ìfiwéra Ọ̀nà Márùn-ún fún Àwọn Tó Fẹ́ Ran Ọmọ Aláìní Lọ́wọ́ ní Àkúrẹ́ àti Agbègbè Rẹ̀

Nígbà tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ìjọ, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ tàbí ìdílé kan bá dá owó jọ fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ tàbí ní àwọn ìlú tó yí i ká, ohun tí wọn yóò rà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ jíròrò. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn ni ohun tó ń dí ọmọ lọ́wọ́. Bí a bá ra báàgì tuntun fún ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà, báàgì náà yóò gbó, ọmọ náà kò sì ní tíì mọ̀ ọ́n kà. Mo kọ àlàyé yìí fún àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn, tí owó náà kò sì pọ̀, tí wọ́n gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan tàbí méjì nínú ọ̀pọ̀ ohun tó dára.

Lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ láti kíláàsì kìíní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí ọdún kẹta ní girama. Àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í sì í ṣe àjèjì sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́: Olóyè Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó di gómìnà ìpínlẹ̀ yìí ní 1979, wà lára àwọn tó la ètò náà sílẹ̀ kí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Síbẹ̀, aṣọ, ìwé àjákọ, owó ọ̀kadà, oúnjẹ ọ̀sán àti owó ìdánwò ṣì wà lọ́rùn òbí. Ní ti owó ìjọba àpapọ̀ tí ìpínlẹ̀ ń gbà fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ lẹ́yìn tí òun náà bá ti fi iye kan náà lélẹ̀, ilé kíkọ́ àti àtúnṣe ilé ló ń gba apá tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi ka yàrá kíkọ́ mọ́ àwọn ọ̀nà tí mo fẹ́ fi wéra. Bí òrùlé bá ń jò lé ọmọ lórí, ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tí owó ìjọba kì í dé ni kí owó kékeré máa wá lọ.

Òṣùwọ̀n tí a ó lò

Àkọ́kọ́ ni iye tí ọ̀nà náà ń náni lórí ọmọ kan láàárín ọdún kan, nítorí pé ohun tó pọ́n lójú lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ lè jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ tún rà ní gbogbo sáà. Kí ìfiwéra lè rọrùn, ẹ jẹ́ ká gbà pé ₦600,000 ni ẹgbẹ́ kan kó jọ fún ọdún kan. Iye àpẹẹrẹ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn iye ọjà tí mo máa mẹ́nu kàn. Kí ẹ fi iye tí ẹ bá bá lọ́jà rọ́pò wọn.

Èkejì ni ìfọkàntán: ṣé ohun náà yóò ṣì wà ní sáà kẹta, ṣé owó rẹ̀ kò ní gba ọwọ́ tó pọ̀ jù kọjá, ṣé a sì ti dán an wò níbòmíràn tó ṣiṣẹ́? Ẹ̀kẹta ni irú ìṣòro tó bá mu, nítorí ọmọ tí kì í wá sílé-ẹ̀kọ́, ọmọ tó ń wá pẹ̀lú ebi nínú, àti ọmọ tó ń wá lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí ohun tí wọ́n ń kọ́ kò yé e, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú wọn.

Ẹ̀kẹrin ni ìtìjú, òun ni mo sì rò pé a kì í sábà kà sí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ bí wọ́n bá pè é síwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ó wá gba sálúbàtà, tí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn kì í wọ bàtà náà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ìrànwọ́ tó bá sọ ọmọ di ẹni ìyọṣùtì láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń fún un ní òmíràn, n kò sì gbà pé ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe irú pàṣípààrọ̀ yẹn lórí ọmọ ọlọ́mọ.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun méjì péré ni ẹ nílò láti wò. Ẹ tọrọ rẹ́jísítà kíláàsì lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ wo àwọn tó ń pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ àti ìgbà tí wọ́n ń pa á jẹ. Bó bá jẹ́ ìgbà ìkórè kòkó ni, bíi ti ọ̀pọ̀ abúlé ọ̀nà Ìdànrè, iṣẹ́ oko ló ń fà wọ́n. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa kiri ọjà fún ìyá wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún wọn ní ìwé kíkà Yorùbá ti kíláàsì kejì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ka ojú ìwé àkọ́kọ́ geerege. Ẹ má tíì yọ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán, kí ẹ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan ní àárín ìlà kẹta, kí ẹ sì bi ọmọ náà pé kí ni a pè é. Ẹni tó ti há gbogbo rẹ̀ sórí yóò gbé ojú padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, yóò máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ ètè títí yóò fi dé ibi tí ìka yín wà; bí ẹ bá tún gbé ìka lọ sí ibòmíràn, yóò dákẹ́. Irú ọmọ yìí ti jókòó sí kíláàsì fún ọdún mẹ́rin, ó ń kọrin, ó ń dáhùn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé kò mọ ìwé kà. Ẹ kọ iye àwọn tó rí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nítorí iye yẹn ni yóò sọ fún yín bí owó yín bá ṣiṣẹ́ nígbà tí ọdún bá parí.

Aṣọ, bàtà àti ìwé

Èyí ló rọrùn jù láti ṣètò. Bí aṣọ kan àti owó rírán rẹ̀ bá jẹ́ ₦8,000, owó wa yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ 75 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sì ní ibi tó ti wúlò gan-an. Ọmọ tó ní aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní láti fọ̀ ọ́ lálẹ́. Ní oṣù keje tí òjò kì í dá, aṣọ náà kì í gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá kò sì fẹ́ kí ọmọ òun wọ aṣọ tútù tàbí kí ó wọ aṣọ ilé kí wọ́n sì lé e padà ní ẹnu géètì. Fún ọmọ bẹ́ẹ̀, aṣọ kejì tó ọjọ́ ẹ̀kọ́ bíi mélòó kan lọ́sẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kenya fi hàn pé àwọn ọmọ tó gba aṣọ ọ̀fẹ́ dín pípa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ kù lóòótọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àǹfààní náà kò hàn mọ́.

Ti ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ tún gba ìrònú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Kenya yìí kan náà, Michael Kremer, tó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2019, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ pín ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ tó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ ló jèrè rẹ̀. Àwọn yòókù kò sún síwájú, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ó sì ju agbára wọn lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlárá-Mọ̀kín tàbí ní Ọ̀wọ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé àwọn ọmọ mélòó ló lè kà á.

Bí ẹ bá yan ọ̀nà yìí, ẹ gbé aṣọ rírán fún telọ̀ àdúgbò, kí olùkọ́ kíláàsì fi aṣọ ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ láìpariwo, kí ẹ má sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín sí i lára.

Oúnjẹ ọ̀sán

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Ìṣòro oúnjẹ ni pé kì í tán. Bí àwo kan bá jẹ́ ₦500, tí sáà ẹ̀kọ́ sì jẹ́ bíi 60 ọjọ́, ₦30,000 ni ọmọ kan yóò jẹ ní sáà kan, ọmọ 20 péré ni ₦600,000 sì lè bọ́, fún sáà kan ṣoṣo. Ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 kò kọjá kíláàsì kìíní sí ìkẹta, ₦70 ni wọ́n sì kọ́kọ́ yàn fún oúnjẹ ọmọ kan lójúmọ́. Bí ètò náà bá tilẹ̀ ń lọ déédéé, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà kò sí nínú rẹ̀.

Mi ò gba ẹgbẹ́ kékeré níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ojoojúmọ́ tí kò lè bá a parí. Nígbà tí ìkòkò bá dáwọ́ dúró lójijì, àwọn ọmọ tó ń wá nítorí rẹ̀ yóò padà sílé, àwọn òbí kì í sì í tètè gba ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà gbọ́ mọ́. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí a fi oúnjẹ sí ìgbà tó le jù, ìyẹn ìgbà tí àgbàdo àti iṣu tuntun kò tíì jáde, tàbí kí a fi í sí ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ àfikún bá wà. Ẹ̀wà àti gàrí tí àwọn ìyá ọmọ fúnra wọn sè dín owó kù, ó sì ṣòro kí ó di òwò ẹnì kan. Gbogbo kíláàsì ni kí ó sì jọ jẹ ẹ́. Bí a bá ya àwọn ọmọ aláìní sọ́tọ̀ sí bẹ́ńṣì kan láti jẹun, mo ti sọ ohun tí mo rò nípa ìyẹn.

Owó ìdánwò

Ní ti ìfọkàntán, kò sí èyí tó dà bí rẹ̀: a ń san owó náà tààrà, ó ní ìwé ẹ̀rí, ó sì parí lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ní láti ní kírẹ́díìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, àti ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, kò sì lè ní wọn bí kò bá rí owó forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìparí ọ̀nà ni ìrànwọ́ yìí ti ń bá ọmọ. Èyí tó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní kíláàsì kẹfà kò sí níbẹ̀ mọ́ láti gbà á, ẹni tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò dára yóò sì fi owó yín ṣe ìdánwò tí kò ní yege. Kí ẹ wo iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe ní ọdún tó ṣáájú, kí ẹ sì tọ́jú owó náà kí ìforúkọsílẹ̀ tó ṣí, nítorí ẹni tó bá pẹ́ máa ń san jù.

Ẹgbẹ́ ìkàwé gẹ́gẹ́ bí ipele ọmọ

Ọ̀nà yìí ni kò gbajúmọ̀ láàárín wa, òun sì ni mo fi gbogbo ọkàn gbà gbọ́ jù. Bó ṣe ń lọ nìyí: fún wákàtí kan lójúmọ́, a ó fi kíláàsì sílẹ̀, a ó sì kó àwọn ọmọ jọ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n mọ ìwé dé. Ọmọ kíláàsì karùn-ún tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì yóò wà pẹ̀lú ọmọ kíláàsì kẹta tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó lè ka ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè ka gbólóhùn yóò wà ní ẹgbẹ́ mìíràn. Kí ẹgbẹ́ kan má ju ọmọ mẹ́wàá lọ. Àjọ Pratham ní Íńdíà ló mú ọ̀nà yìí gbilẹ̀, wọ́n ti fi ìwádìí yẹ̀ ẹ́ wò léraléra níbẹ̀, wọ́n sì tún dán irú rẹ̀ wò ní Gánà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́, àwọn ọmọ sì mọ̀wé sí i.

Yorùbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé b àti a ń di ba, tó lè ka ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu láìwo ẹnu ẹlòmíràn, ti ní ohun tí yóò fi gbá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀dọ́ mẹ́ta tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, irú bíi Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó, tí wọn kò tíì ríṣẹ́ tó dúró, ni kí a fún ní ₦15,000 lóṣù fún oṣù mẹ́sàn-án. ₦405,000 nìyẹn. Ẹ fi ₦45,000 kún un fún káàdì ọ̀rọ̀, ìwé ìtàn kéékèèké àti ṣọ́ọ̀kì. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń mú ẹgbẹ́ méjì lójúmọ́, ọmọ 60 ni yóò jàǹfààní, ₦7,500 lórí ọmọ kan fún odindi ọdún. ₦150,000 yóò sì ṣẹ́kù, èyí tó lè ra aṣọ kejì fún àwọn tí rẹ́jísítà bá tọ́ka sí.

Kì í ṣe pé ọ̀nà yìí kò ní ewu. Ewu àkọ́kọ́ ni kí ó yí padà di lẹ́sìn tí a mọ̀, èyí tí àwọn tó lówó ń san, tí olùkọ́ sì ń tún ohun tó kọ́ ní kíláàsì kọ́. Èkejì ni àkókò. Bí ẹ bá fi í sí ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ tí ẹ ń wá gan-an kò ní sí níbẹ̀, nítorí wọ́n ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ìyá wọn ní Ọjà Ọba tàbí wọ́n ti lọ sóko. Ẹ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ kí wákàtí náà wà láàárín àsìkò ilé-ẹ̀kọ́. Bí kò bá gbà, ọ̀nà yìí kò ní rí bí mo ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ó sì sàn kí ẹ yan òmíràn. Ní ti ìtìjú, ìwọ̀nba ni: gbogbo ọmọ ló ń lọ sí ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì ń kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn bí wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n sí i.

Gbígba olùkọ́ kún olùkọ́

Níbi tí olùkọ́ kan bá ti ń kọ́ kíláàsì méjì pọ̀, èyí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Níbòmíràn, ó wọ́n fún ohun tó ń mú wá. ₦40,000 lóṣù di ₦480,000 lọ́dún fún ẹnì kan, bí kíláàsì ọmọ 50 bá sì di ọmọ 35, tí ọ̀nà ìkọ́ni kò yí padà, àwọn tí kò yé kò ní yé síbẹ̀. Tí owó bá tún já ní àárín sáà, olùkọ́ náà yóò lọ.

Kí n má gbàgbé oògùn aràn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ìwádìí ní Kenya sì fi hàn pé ó dín pípa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ kù. Ẹ bá ilé ìlera alábọ́dé tó wà ládùúgbò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n bá yín yẹ ojú àwọn ọmọ wò, pàápàá àwọn tó ń dìde sún mọ́ pátákó.

Ta ni kí ó yan èwo?

Láti 2011 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní owó àfikún lórí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí já jẹ, ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló sì ń pinnu bí yóò ṣe ná an. Ìmọ̀ràn tí àwọn tó ń ṣèwádìí lórí owó náà ń fún wọn ni pé kí ìkọ́ni dáadáa kọ́kọ́ gba owó, kí ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ tó ń rẹ̀yìn tẹ̀ lé e, kí àwọn ohun yòókù tó wá. Owó tiwa kò tó tiwọn, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ètò náà fún ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àárín ìlú Àkúrẹ́, níbi tí àwọn ọmọ ti ń wá déédéé láìmọ ìwé kà. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tàbí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ tó ní owó ọdún kan lọ́wọ́ níbẹ̀, ẹgbẹ́ ìkàwé ni kí wọ́n yàn, kí wọ́n sì tún dán àwọn ọmọ wò ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé kan náà àti ìka kan náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ abúlé kòkó tí rẹ́jísítà rẹ̀ ń ṣófo nígbà ìkórè kò lè fi ẹgbẹ́ ìkàwé bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ kọ́kọ́ bá àwọn bàbá ọmọ jókòó, kí wọ́n fi oúnjẹ sí oṣù tó le, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ìkàwé nígbà tí àwọn ọmọ bá ti padà. Ní etí omi Ìlàjẹ, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé ọmọ lọ sílé-ẹ̀kọ́, owó ọkọ̀ lè ṣáájú ohun gbogbo.

Ìjọ tàbí ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí kò sì ní ẹni tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, owó ìdánwò tàbí aṣọ kejì ló bá a mu. Kí wọ́n má ṣe dá oúnjẹ tàbí olùkọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó dá dúró, tí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ti ọmọ kan lọ, kí ó lọ bá olùkọ́ kíláàsì kan tó gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó bèèrè ọmọ tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó sì ń gbìyànjú, kí ó mọ ìdí tí kò fi ń wá lọ́jọ́ méjì yòókù, kí ó sì máa fi owó ohun náà gan-an lé ìyá ọmọ lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, títí ọdún ẹ̀kọ́ yóò fi parí.